Nọ́ńbà Ojú Ìwé Nínú InDesign: Bí Ẹ Ṣe Máa Tò Ó Tí Kò Ní Yẹ̀ Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń to ìwé. Wọ́n gbé ìwé ìtàn ẹbí kan fún mi, A5 ni, InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé, ni mo sì fi ń tò ó. Ọwọ́ ni mo fi tẹ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí olórí ẹbí wá fi ojú ìwé méjì kún Orí Kejì, gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹ̀. Ara ìwé náà ti di ojú ìwé 212 báyìí. Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ i, ii, iii fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kí Orí Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1, kí nọ́ńbà má sì hàn níbi tí orí tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí fọ́tò ńlá bá wà, nọ́ńbà kì í hàn rárá. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí n ò fi ní máa tún un tẹ̀ ní gbogbo ìgbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo nọ́ńbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ yẹn rẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má dá ọ̀kan sí, torí èyí tó bá ṣẹ́kù ló máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ ìwé. A kì í tẹ nọ́ńbà ojú ìwé bí ẹni ń tẹ ọ̀rọ̀. Àmì kan la máa ń fi sí ojú ìwé àwòṣe, èyí tí InDesign àtijọ́ ń pè ní Master page, tí àwọn tuntun ń pè ní Parent page. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á wo ibi tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wà, á sì kọ nọ́ńbà tó bá tọ́ sí i. Olórí ẹbí ìbáà mú ojú ìwé ogún mìíràn wá lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ, nọ́ńbà á to ara rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó débi ìṣe, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń to ìwé láàmú. Ọ̀nà méjì la fi ń ka ojú ìwé. Ọ̀kan ni ipò rẹ̀ nínú fáìlì: ojú ìwé kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí lọ. Èkejì ni nọ́ńbà tí òǹkàwé máa rí lórí bébà. Nínú ìwé tí ẹ ń tò yìí, ojú ìwé tí òǹkàwé máa rí 1 lórí rẹ̀ lè jẹ́ ìkẹtàlá nínú fáìlì. InDesign ń pe kíkà ti fáìlì ní Absolute Numbering, ó ń pe ti òǹkàwé ní Section Numbering. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á máa bá kọ̀ǹpútà jà lórí ohun tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ gbé kọ̀ǹpútà tì ná. Ẹ mú bébà àti bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó máa ṣáájú Orí Kìíní sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Fún irú ìwé yìí, bí èmi ṣe máa tò ó rèé: i jẹ́ àkọlé ìwé nìkan, ii jẹ́ òfìfo, iii jẹ́ àkọlé lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé. Ojú ìwé iv ni ti ọdún ìtẹ̀jáde, ẹni tó ni àṣẹ ìwé, ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) tí National Library of Nigeria bá fún wọn, àti orúkọ atẹ̀wé. Ojú ìwé v ni wọ́n á ti fi ìwé náà sọrí àwọn baba ńlá wọn, vi á jẹ́ òfìfo. Àkóónú á gba vii àti viii, ọ̀rọ̀ ìṣáájú á gba ix àti x, ìdúpẹ́ á wà ní xi, xii á sì jẹ́ òfìfo. Ó di ojú ìwé 12. Gbogbo wọn la ó kà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò ní hàn títí a ó fi dé vii. Láti i sí vi, a kà wọ́n, a ò kọ ọ́ sójú wọn. Ojú ìwé òfìfo náà, à ń kà á, a kì í kọ nọ́ńbà sí i, níbikíbi tó bá wà nínú ìwé.

Ẹ wo ohun tí 12 yẹn ṣe fún wa. 12 àti 212 jẹ́ 224, 224 sì jẹ́ 16 lọ́nà 14 géérégé. Tí ilé ìtẹ̀wé bá ń tẹ ojú ìwé 16 lórí bébà kan, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, ìwé yìí á gba bébà 14 láìṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ 226 ni, ojú ìwé méjì péré á fẹ́ bébà tirẹ̀, olówó iṣẹ́ ló sì máa san án. Kí ẹ bi wọ́n léèrè ní ilé ìtẹ̀wé pé ojú ìwé mélòó ni wọ́n ń tẹ̀ lórí bébà kan, kí ẹ tó fi òfìfo kún ìwé tàbí kí ẹ tó yọ ọ́.

Nínú ìwé tí a ṣí sílẹ̀, 1, 3, 5 àti 7 máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún. 2, 4, 6 àti 8 máa ń wà lọ́wọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni i, iii àti v. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó wuni, torí 1 àti 2 jẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn ewé kan náà, a ò lè yà wọ́n. InDesign mọ òfin yìí, ó sì ń tẹ̀ lé e débi pé ó lè kó ẹni sí wàhálà. Ká ní ìdúpẹ́ parí sí xi, ẹ ò sì fi xii òfìfo sí i. Ẹ wá sọ fún un pé kí 1 bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn xi. Kò ní bá yín jiyàn. Á gbé 1 sí ọ̀tún bí òfin ṣe wí. Lórí sìkírínì, ẹ ó rí xi lọ́tùn-ún ní òun nìkan, ẹ ó tún rí 1 lọ́tùn-ún nísàlẹ̀ rẹ̀ ní òun nìkan, gbogbo rẹ̀ á sì dára lójú yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di PDF, kò sí ojú ìwé kankan láàárín xi àti 1. Ẹni tó ń ṣe pléètì tí ẹ̀rọ máa fi tẹ ìwé á mú ojú ìwé kejìlá nínú fáìlì, èyí tó jẹ́ 1, á tò ó sí ẹ̀yìn xi. Orí Kìíní bọ́ sọ́wọ́ òsì nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ fi sí etí ìta á wá bọ́ sínú, níbi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀, fún odidi ojú ìwé 212.

Bí ẹ ṣe máa tètè rí i ni kí ẹ ṣí Window, Pages, kí ẹ sì wo àwòrán àwọn ojú ìwé kéékèèké náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà lọ́tùn-ún láìní ẹnìkejì lósì. Tí ẹ bá rí òmíràn láàárín tó dá wà bẹ́ẹ̀, òfìfo kan ló ń jẹ́ àwátì. Ẹ lọ sí Layout, Pages, Insert Pages, kí ẹ fi ojú ìwé kan sẹ́yìn xi, kí ẹ sì yan None (pé kò ní Parent kankan) fún un níbi Parent kí nọ́ńbà má bàa hàn lórí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé àmì náà kalẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí fáìlì tuntun, ẹ rí i pé Facing Pages wà ní títẹ̀. Láìsí i, kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Nínú Pages, ẹ tẹ A-Parent lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé méjì ló máa ṣí, ti òsì àti ti ọ̀tún. Ẹ fa àpótí ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ ti òsì, kí kọ́sọ̀ máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀, kí ẹ lọ sí Type, Insert Special Character, Markers, Current Page Number. Tàbí kí ẹ di Ctrl, Alt àti Shift mú pọ̀, kí ẹ tẹ N. Lẹ́tà A ló máa yọ, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ má jáyà, A yẹn ni àmì náà, ó ń fi hàn pé A-Parent lẹ wà. Ẹ ṣe ti ọ̀tún bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí àpótí yẹn fẹ̀ dáadáa, ó kéré tán mílímítà 20. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ kó há jù torí pé lẹ́tà A kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Á ṣiṣẹ́ dáadáa títí dé 99. Tó bá di 100, nọ́ńbà ò gba inú àpótí mọ́, á sì pòórá, láti ibẹ̀ dé òpin ìwé. Ohun kan náà ló ń ṣe xviii àti xxviii nínú ìwé tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ gùn. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ohun tó ṣe ojú ìwé 100, nígbà tó jẹ́ pé àpótí orí Parent ló há. Preflight tó wà nísàlẹ̀ sìkírínì lè fi iná pupa kìlọ̀ fún yín pé ọ̀rọ̀ kan ò gba inú àpótí rẹ̀. Ẹ máa wò ó, kí ẹ má ṣe fojú fò ó.

Ibi tí nọ́ńbà máa wà náà lérò nínú. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí etí bébà tó mílímítà 10 sí 12. Ẹ̀rọ tó ń gé bébà lè yẹ̀ díẹ̀ láti ìdìpọ̀ kan sí èkejì, nọ́ńbà tó bá sì wà ní mílímítà 5 sí etí á fi í hàn kíá: nínú ẹ̀dà kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, nínú èkejì á jìnnà. Ìwé tí wọ́n máa fi wáyà kan láàárín, bí ìwé ètò ìsìnkú tàbí ti ìwúyè, tún nílò àyè ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ewé àárín máa ń yọ síta ju ti ẹ̀yìn lọ, ẹ̀rọ á sì gé púpọ̀ lára wọn. Fún lẹ́tà, pọ́ìǹtì 9 tó fún A5 tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11. Tí ẹ bá fẹ́ kó wà létí ìta, ẹ lo Align Away From Spine nínú Paragraph fún àpótí méjèèjì. Ti òsì á sún sí òsì, ti ọ̀tún á sún sí ọ̀tún, Paragraph Style (ìrísí ìpínrọ̀ tí a tò sílẹ̀ tí a sì fún lórúkọ) kan ṣoṣo lẹ máa fi mú méjèèjì.

Fọ́tò tó ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ohun tó fà á ni pé ohunkóhun tó bá wà lórí Parent máa ń wà lábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ bá gbé sórí ojú ìwé gan-an, tí méjèèjì bá jọ wà nínú Layer (ìpele) kan. Ẹ ṣí Window, Layers, kí ẹ dá Layer tuntun sílẹ̀, kí ẹ pè é ní Nọ́ńbà, kí ẹ fà á sókè ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ padà sórí A-Parent, kí ẹ mú àpótí nọ́ńbà méjèèjì, kí ẹ gbé wọn bọ́ sínú Layer yẹn. Nọ́ńbà á yọ lórí fọ́tò. Tí fọ́tò bá wá dúdú débi tí a ò lè ka nọ́ńbà lórí rẹ̀, tó sì gba gbogbo ojú ìwé dé etí, ẹ fún ojú ìwé náà ní None, kó má ní nọ́ńbà rárá. Kò sí òǹkàwé tó máa sọnù nítorí ojú ìwé kan ṣoṣo. Èyí tí mo ní kí ẹ má ṣe ni kí ẹ di Ctrl àti Shift mú, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà, kí ẹ wá sún un síbòmíràn lórí ojú ìwé yẹn. Ẹ ti já a kúrò lára Parent nìyẹn. Tí ẹ bá fi ojú ìwé kan kún iwájú rẹ̀, tí èyí tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì, nọ́ńbà tó kù á yí pa dà sí etí ìta tuntun, èyí tí ẹ já á dúró sí etí tó wà tẹ́lẹ̀, inú ló sì máa bọ́ sí. Tẹ́lòmíràn bá ti ṣe é nínú fáìlì tí wọ́n gbé fún yín, ẹ yan àwọn ojú ìwé náà, kí ẹ wá Remove All Local Overrides nínú àkójọ àṣẹ ti Pages. Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ra: ohun gbogbo tí wọ́n yí pa dà lórí Parent ló máa padà sípò, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan.

Ó kan i, ii, iii. Ẹ tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì nínú Pages, kí ẹ lọ sí Layout, Numbering & Section Options. Níbi Style, ẹ yan i, ii, iii, iv. Ẹ tẹ OK. Ẹ wá tẹ ojú ìwé kẹtàlá, ibi tí Orí Kìíní ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣí ibì kan náà. Ẹ tẹ Start Section, ẹ tẹ Start Page Numbering at, kí ẹ kọ 1 sí i, kí ẹ sì yan 1, 2, 3, 4 níbi Style. Igun mẹ́ta dúdú kékeré kan á yọ lórí ojú ìwé méjèèjì nínú Pages. Àmì pé Section, ìyẹn apá ìwé tó ní ètò nọ́ńbà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni. Méjì péré ló yẹ kí ẹ rí. Tí igun mẹ́ta bá wà níbòmíràn, tí nọ́ńbà sì padà di 1 láàárín ìwé, ẹnìkan ti tẹ Start Section níbẹ̀ láìmọ̀. Ẹ tẹ igun mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yọ ọ́.

Àyè kan wà tí igun mẹ́ta púpọ̀ kò burú: tí ẹ bá fẹ́ kí àkọlé orí kọ̀ọ̀kan máa hàn lókè ojú ìwé. Ẹ lè dá Section sílẹ̀ fún orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ àkọlé rẹ̀ sí Section Marker, kí ẹ sì fi àmì Section Marker sórí Parent bí ẹ ṣe fi ti nọ́ńbà sí i. Láti Orí Kejì lọ, Automatic Page Numbering lẹ gbọ́dọ̀ yàn, ẹ má yan Start at. Torí pé Yorùbá ni àkọlé yín, ẹ yẹ fọ́ǹtì rẹ̀ wò. Ẹ̀ àti ọ́ nílò àmì lókè àti lísàlẹ̀, fọ́ǹtì púpọ̀ sì ń gbé àmì òkè sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Charis SIL àti Gentium gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Tí àmì ohùn bá ṣì ń yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, ẹ yan World-Ready Paragraph Composer nínú àkójọ àṣẹ ti Paragraph.

Fún ibi tí orí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dá Parent kejì sílẹ̀, B-Parent, kí àlàfo etí rẹ̀ bá ti A dọ́gba, kí ẹ má sì fi àmì nọ́ńbà sí i. Ẹ wá lo Apply Parent to Pages, kí ẹ kọ gbogbo ojú ìwé tí orí ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi kọ́mà là wọ́n láàárín. Ojú ìwé náà á jẹ́ kíkà, nọ́ńbà ò kàn ní hàn. Ìwé mìíràn máa ń fi nọ́ńbà sí àárín ìsàlẹ̀ níbi tí orí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀ náà, torí ojú ìwé tí àkóónú darí èèyàn sí gan-an nìyẹn. Ẹ lè fi han olórí ẹbí kó yan èyí tó wù ú. Pé kí gbogbo orí bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mi ò gbà yín níyànjú fún ìwé ẹbí tí orí rẹ̀ pọ̀. Òfìfo á pọ̀, owó bébà á lọ. Kí Orí Kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún, kí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n bá bọ́ sí.

Àkóónú kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Tí Paragraph Style kan náà bá wà lórí gbogbo àkọlé orí, ẹ lè lo Layout, Table of Contents láti kó wọn jọ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Lẹ́yìn àtúnṣe ìkẹyìn, ẹ fi kọ́sọ̀ sínú àkóónú náà, kí ẹ tẹ Update Table of Contents. Tí ẹ bá fọwọ́ tún ohunkóhun ṣe nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Update á pa á rẹ́, nítorí náà, orí àkọlé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣàtúnṣe.

Àwọn tó bá pín ìwé sí fáìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orí kan fáìlì kan, Book ni wọ́n á fi so wọ́n pọ̀ láti File, New, Book. Nínú Book Page Numbering Options, ẹ lè ní kí fáìlì kọ̀ọ̀kan tẹ̀síwájú láti ibi tí ti ìṣáájú parí sí. Tí gbogbo orí bá ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní 1, ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ fáìlì wọn: Start Page Numbering at ló wà níbẹ̀, Automatic ló yẹ kó jẹ́. Fún ojú ìwé 224, tí ẹyọ ènìyàn kan ń tò, fáìlì kan ti tó.

Ní Mọ́kọ́lá, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó to ìwé lè yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe pléètì, ti ẹlẹ́rọ yàtọ̀, ti ẹni tó ń di ìwé tún yàtọ̀. Inú flash ni iṣẹ́ ń gbà rìn láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó máa ka ìwé náà nínú wọn. Nọ́ńbà ni gbogbo wọn ń wò. Torí náà, PDF tí ẹ máa fún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ Pages (ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀), kó má jẹ́ Spreads (ojú ìwé méjì papọ̀), kó sì jẹ́ All (gbogbo ìwé). Tí ẹ bá fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́, tí ẹ kọ 1-12 níbi Range, ara ìwé ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde láti Orí Kìíní. Láti gbé iwájú ìwé jáde, ẹ kọ +1-+12. Àmì ìròpọ̀ yẹn ló ń sọ fún un pé ipò nínú fáìlì lẹ ń sọ. Tàbí kí ẹ kọ i-xii.

Nígbà tí ẹ bá fi PDF ránṣẹ́ sí olórí ẹbí lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ́ sí i pé nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ni kó máa fi dárúkọ àtúnṣe. Fóònù púpọ̀ máa ń ka ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ni. Tó bá ní kí ẹ tún ojú ìwé 45 ṣe, tó sì jẹ́ fóònù ló wò, 33 ló ń bá wí. Ẹ lè lọ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, kí èyí tó bàjẹ́ wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé Word ni wọ́n fi tẹ ìwé wá, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ti Word kì í bá ọ̀rọ̀ wọlé nígbà tí ẹ bá lo Place, kò sì yẹ kí ẹ wá a. Àwọn tó ṣì ń lo PageMaker, Ctrl, Alt àti P ni tiwọn lórí master page. LM á yọ lósì, RM á yọ lọ́tùn-ún. Kò ní Section, torí náà iwájú ìwé gbọ́dọ̀ ní fáìlì tirẹ̀. CorelDRAW ní Insert Page Number lábẹ́ Layout láti X6, ó sì tó fún ìwé ètò ojú ìwé 20, àmọ́ ẹ má fi to ìwé ojú ìwé 224. Ẹni tí kò lágbára àti ra InDesign lè lo Scribus, ọ̀fẹ́ ni. Sections wà nínú Document Setup rẹ̀. From àti To níbẹ̀ jẹ́ ipò nínú fáìlì, Start ni nọ́ńbà tí òǹkàwé máa rí.

Kí wọ́n tó di ìwé pọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká ẹ̀dà kan fún yín, kí wọ́n to bébà mẹ́rìnlá náà léra láìtíì fi gọ́ọ̀mù sí i. Ẹ ò nílò láti ṣí gbogbo rẹ̀. Ibi tí bébà kan parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ wò. Torí pé 12 ló wà níwájú, bébà àkọ́kọ́ á parí sí ojú ìwé 4, ìkejì á bẹ̀rẹ̀ ní 5. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsopọ̀ á wà láàárín 20 àti 21, 36 àti 37, 52 àti 53, kẹ́ ẹ máa fi 16 kún un bẹ́ẹ̀ lọ títí bébà ìkẹyìn á fi parí sí 212. Tí 36 bá wà lójú kọjú sí 53, wọ́n fo bébà kan. Tí ẹ bá rí 21 lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n to bébà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí nọ́ńbà 4 àti 5 bá wà ní gíga tí kò dọ́gba, kíká ló wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ká kí ẹ̀rọ tó gé e.